Láti Iweka Road dé Gberefu: Ta Ni Yóò Jèrè Ọkọ̀ Ìgbafẹ́?

 

Onitsha ni àwọn òbí mi ń gbé, ìyá mi sì ń ta oúnjẹ fún èrò ọkọ̀ ní Iweka Road. Bí mo ṣe ń bá wọn fọ abọ́ ní ìsinmi tó kọjá, mo rí i pé kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tó bá dúró ló ń mówó wá. Bí èrò ọkọ̀ Èkó bá sọ̀ kalẹ̀, oníbúrẹ́dì, ọlọ́kpa, alábàárù àti ìyá mi, gbogbo wọn á rí nǹkan mú relé. Àmọ́ bí dẹ́rẹ́bà bá ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ kalẹ̀, eruku nìkan ló máa fi sílẹ̀ fún wa.

Ọ̀rọ̀ yìí sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo lọ kí Màmá Àgbà ní Àgbádárìgì. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ níbẹ̀ pé ó yẹ kí ọkọ̀ òkun ńlá tó ń kó arìnrìn-àjò afẹ́ káàkiri ayé máa wá sí Gberefu. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Gberefu ni erékùṣù tó wà láàárín ọ̀sà Àgbádárìgì àti òkun. Láyé òwò ẹrú, wọ́n á kó àwọn ẹrú láti ọjà Vlekete sọdá ọ̀sà, wọ́n á sì mú wọn rìn dé etí òkun, ibi tí à ń pè ní Ibi Àìpadàbọ̀ lónìí. Ní 1845, Samuel Àjàyí Crowther, tí òun náà ti ṣẹrú rí, wà ní Àgbádárìgì. Ní 1857, òun kan náà ló wọ ọkọ̀ Dayspring gba odò Ọya dé Onitsha. Ẹ ò rí i pé èbúté méjèèjì bára tan!

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni omi. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá máa ń rì wọnú omi tó nǹkan bíi mítà 8. Kò lè wọ ọ̀sà, ìgbì etí òkun Gberefu sì le. Kíkọ́ èbúté nìkan kò tó. Ààrẹ Shagari ṣí èbúté orí odò ní Onitsha ní 1983, Ààrẹ Jonathan tún un ṣí ní 2012. Síbẹ̀, bí odò Ọya bá fà lẹ́ẹ̀rùn, ọkọ̀ ńlá ò lè rìn.

Ẹ wo erékùṣù Gorée ní Senegal, tí UNESCO kọ mọ́ ogún àjùmọ̀ní ayé ní 1978. Dakar ni ọkọ̀ ńlá ń gúnlẹ̀ sí. Ọkọ̀ kékeré á wá gbé èrò sọdá ní nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Àwa náà lè lo Àpápá bẹ́ẹ̀, kí èrò gba títì tàbí ọ̀sà wá. Àmọ́ ọ̀nà gbọ́dọ̀ já geere, torí ọkọ̀ ìgbafẹ́ kì í sábà lò ju ọjọ́ kan lọ ní èbúté kan. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá gba ìdajì ọjọ́ náà, kí ló kù?

Ìṣòro kejì ni owó. Inú ọkọ̀ ni àwọn èrò wọ̀nyí ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Bí kì í bá ṣe àwọn ará Gberefu ló ń tukọ̀, tó ń júwe ìtàn, tó ń ta oúnjẹ àti iṣẹ́ ọwọ́, ipa ẹsẹ̀ lórí yanrìn nìkan ni àlejò máa fi sílẹ̀, bí eruku Iweka Road.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún Màmá Àgbà, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé ibi tí wọ́n ti sunkún ni ẹ fẹ́ sọ di ibi ijó?”

Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Rárá, Mà. Ẹni tó bá wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn ná.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ó dáa. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.”

Ohun tí mo fẹ́ ká rántí nìyẹn. Ká bọ̀wọ̀ fún ẹkún àwọn tó lọ, ká sì rí i pé àwọn tó kù níbẹ̀ rí oúnjẹ jẹ.