Gbígba Ajá Tọ́: Iṣẹ́ Tí A Lè Ṣe Nínú Ọgbà Ilé Wa

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè pa àwọn kan lẹ́rìn-ín. Kò burú. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kẹ́ ẹ wá ka ìyókù.

Ó pẹ́ tí àwọn kan nínú wa ti ń bèèrè pé iṣẹ́ wo lèèyàn lè ṣe nílé nígbà tí orúnkún ò bá jẹ́ kó lè jókòó sí ìsọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ mọ́, tàbí nígbà tí ọjà bá dá. Ọ̀kan nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kéèyàn máa gba ajá tọ́ fún àwọn tó ń rìnrìn àjò, kó sì máa bá àwọn tí kò ráyè mú ajá wọn rìn. Ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Àbújá, àwọn kan ti ń fi ṣe iṣẹ́ jẹun.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ: "Ajá kẹ̀? Ṣebí ajá a máa wá oúnjẹ ara rẹ̀ ni?" Ajá àtijọ́ nìyẹn. Ajá ọdẹ ń bá ọdẹ lọ sígbó, ajá ilé ń jẹ ohun tó bá kù nínú abọ́. Lóde òní, òṣìṣẹ́ báǹkì, olùkọ́ yunifásítì àti ẹni tó fẹ̀yìn tì ń ra ajá òyìnbó olówó gọbọi láti fi ṣọ́ ilé. Wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 2006, olú ilé rẹ̀ sì wà ní Òṣogbo níbí. Wọ́n dá Yunifásítì Iléṣà sílẹ̀ ní 2022. Irú ibi bẹ́ẹ̀ a máa kó òṣìṣẹ́ tí kò ní ẹbí nítòsí wá sáàárín wa. Bí Kérésì tàbí Iléyá bá dé, tí irú wọn fẹ́ lọ sílé, tí mẹ́gáàdì náà sì fẹ́ lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀, ta ni yóò máa bọ́ ajá?

Ẹ sì jẹ́ ká rántí pé gbígba ẹran ẹlẹ́ran sìn kì í ṣe àjèjì sí wa. Ìyá àgbà tó ní ewúrẹ́, tí kò ráyè tọ́jú rẹ̀, a máa fi fún ẹlòmíì sìn. Bó bá bímọ, wọ́n á pín in: èyí fún olówó ẹran, èyí fún ẹni tó ń sìn ín. Kò sí ìwé, kò sí lọ́yà, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò mọ bí àdéhùn ṣe lọ. Bí ẹran bá sì kú, alágbàsìn tó bá gbọ́n á sáré pe olówó rẹ̀ wá fojú ara rẹ̀ rí i, káwọn èèyàn má baà sọ pé ó pa á jẹ ni. Ohun tó mú kí àṣà yẹn pẹ́ ni ìfọkàntán. Ohun kan náà là ń tà nínú iṣẹ́ ajá yìí. Olówó ajá ò sanwó torí pé a ní abọ́ tàbí okùn. Ó ń sanwó kó lè sùn níbi tó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tójú mi rí. Ajá àkọ́kọ́ tí mo gbà, ti aládùúgbò mi kan ni, ọjọ́ márùn-ún péré, lásìkò Kérésì. Mi ò bèèrè nǹkan kan, mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Kérésì, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í yin báńgà. Ajá yìí já okùn, ó fo ọgbà, ó lọ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. A pè é títí, kò wẹ̀yìn. Ọjọ́ kejì la tó rí i lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó, àwọn ajá ìgboro ti bù ú jẹ lẹ́sẹ̀. Ká tó mú un délé, ọmọ-ọmọ mi tó ní egbò lọ́wọ́ ti ń fọwọ́ pa á lẹ́nu, ajá sì ń lá a lọ́wọ́.

A gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Ohun tí dókítà kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Màmá, ṣé ajá yìí ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi?" Ẹnu mi wọlé ṣinṣin. Mo pe olówó ajá, fóònù rẹ̀ ò lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ fún ọmọ lójú ẹsẹ̀, owó rẹ̀ sì ju gbogbo ohun tí mo fẹ́ gbà lórí ajá yẹn lọ fíìfíì. Oorun ò kun ojú mi títí aládùúgbò mi fi dé. Nígbà tó dé, ó wọ yàrá, ó mú káàdì jáde nínú dúrọ́ọ̀: ajá ti gba abẹ́rẹ́ láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn! Ìbéèrè kan ṣoṣo tí mi ò bèèrè ló kó mi sí gbogbo wàhálà yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀ fún yín, kẹ́ ẹ má fi ara yín kọ́ ọ bíi tèmi.

ÈKÍNÍ: KÁÀDÌ ABẸ́RẸ́ KÍ AJÁ TÓ WỌLÉ

Àìsàn dìgbòlugi ń gbé inú itọ́ ajá tó bá ní in. Bó bá bu èèyàn jẹ, tàbí tí itọ́ rẹ̀ kan ojú egbò, ó lè ran onítọ̀hún. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń kú nípa rẹ̀ lọ́dọọdún, púpọ̀ wọn ní Áfíríkà àti Éṣíà, ajá ló sì ń ran èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn, tó ń bẹ̀rù omi, tí kò lè gbé nǹkan mì, agbára káká ni kó tó yè. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ bá tètè wọlé kí àmì tó yọ, onítọ̀hún á bọ́. Ní 1885 ni Louis Pasteur, ará Faransé, kọ́kọ́ fún ọmọdékùnrin kan tí ajá bù jẹ ní abẹ́rẹ́ yìí, ọmọ náà kò sì kú.

Ajá tó bá ti pé oṣù mẹ́ta ni ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba tirẹ̀, wọ́n á sì máa tún un fún un lọ́dọọdún. Nítorí náà, kò sí káàdì, kò sí àyè. Bó jẹ́ ajá ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni, ẹ ní kó lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ dókítà ẹranko ná.

Bí ajá bá bu èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi ata sí i, ẹ má fi àgúnmu sí i. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sì pa ajá yẹn o. Ẹ sé e mọ́ fún ọjọ́ 10 kí dókítà ẹranko máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ara rẹ̀ bá ṣì le lẹ́yìn ọjọ́ 10, a jẹ́ pé àìsàn yẹn ò sí nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu èèyàn jẹ. Ṣùgbọ́n èèyàn ò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ 10 kó tó lọ sílé ìwòsàn.

Ọmọ ajá tí kò tíì gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán, ẹ má gbà á. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní parvo, tó máa ń mú kí ọmọ ajá yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bó bá wọ ọgbà yín, Jíìkì tí ẹ pò mọ́ omi ló lè pa á lórí sìmẹ́ńtì, ọṣẹ lásán ò tó.

ÈKEJÌ: IBI TÍ AJÁ MÁA GBÉ

Ẹ fi ajá méjì bẹ̀rẹ̀, ó tó. Ọgbà gbọ́dọ̀ ga ju èèyàn lọ, kí géètì ní àgádágodo. Ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́, tó da gẹ̀rẹ́ kí omi lè ṣàn, ló rọrùn láti fọ̀. Ibòji gbọ́dọ̀ wà, omi mímu ò sì gbọdọ̀ tán nínú abọ́. Ajá ilé méjì kì í jẹun pọ̀: ti oníkálukú lọ́tọ̀, ibùsùn oníkálukú lọ́tọ̀. Abo tó ń wá akọ, ẹ má gbà á, àyàfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí olówó rẹ̀ wá bá oyún lọ́dọ̀ yín. Bí àwọn ọmọdé bá ń yin báńgà, tàbí tí ààrá ń sán, inú yàrá tí ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni kí ẹ fi ajá sí.

Ẹ máa gbá ìgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀, torí aràn inú rẹ̀ lè ran ọmọdé. Ẹ bá aládùúgbò àti onílé sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Gbígbó ajá lóru lè dá ìjà sílẹ̀.

Ẹ̀KẸTA: OÚNJẸ

Ẹ ní kí olówó ajá gbé oúnjẹ tó mọ̀ ọ́n mọ́ wá. Bí oúnjẹ bá yí padà lójijì, inú á bàjẹ́. Egungun adìyẹ tí a ti sè máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó lè gún ìfun. Ọbẹ̀ tí àlùbọ́sà pọ̀ nínú rẹ̀ ò dáa fún ajá.

Èyí tó kàn wá jù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni kòkó. Ohun tó wà nínú ṣokoléètì tó ń ṣe ajá ní jàǹbá, inú kòkó ló ti wá, ó sì pọ̀ nínú kóró rẹ̀ ju inú ṣokoléètì lọ. Níbi tẹ́ ẹ bá sá kòkó sí, ajá ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Obì náà ń kọ́? Ẹ̀yin onílé obì, ẹ gbé e sókè, torí ohun tí kì í jẹ́ kí èèyàn sùn nínú obì lè mú kí ọkàn ajá máa lù kìkì. Oògùn eku àti oògùn ẹ̀fọn tó wà nínú ìgò, inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ tì ni kó wà.

Ẹ̀KẸRIN: MÍMÚ AJÁ RÌN

Kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ó dára jù. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, mímí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára, ọ̀dà títì sì ń jó o lẹ́sẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọ̀dà, kẹ́ ẹ ka ení, èjì, dé èje. Bí ọwọ́ yín ò bá gbà á, ẹsẹ̀ ajá náà ò lè gbà á.

Okùn tó lágbára ni kí ẹ lò, kí ẹni kan má sì mú ju ajá méjì lọ. Ẹ má mú ajá wọ Ọjà Ọba tàbí Ọjà Àtàkúnmọ̀sà, a ò fẹ́ kí ajá yọ imú sí gààrí olónjẹ. Ẹ má gba iwájú mọ́ṣáláṣí lásìkò ìrun. Lásìkò ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Ògọ́ọ̀sì, ẹ yẹra fún àwọn títì tí èrò bá kún. Ẹ má sì so ajá mọ́ ìta kẹ́ ẹ wọlé lọ mu omi. Olè ajá pọ̀.

Ẹ̀KARÙN-ÚN: OWÓ ÀTI ÀDÉHÙN

Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ lásán. Ká ní ajá méjì, ₦3,000 lójúmọ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 10: ₦60,000 nìyẹn. Ẹ yọ ₦8,000 fún omi, ọṣẹ àti Jíìkì. Ẹ yọ ₦10,000 fún ọmọ tó ń bá yín mú wọn rìn. Ẹ yọ ₦6,000 sí àpótí fún jàǹbá òjijì. Ó ku ₦36,000. Èyí tó kù yẹn ni èrè, kì í ṣe ₦60,000. Ẹ sì rántí pé Kérésì kì í ṣe ojoojúmọ́. Lẹ́yìn ọdún, ọgbà lè ṣófo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, owó mímú ajá rìn nìkan láá máa wọlé. Nítorí náà, ẹ má tíì ta ìsọ̀ yín.

Ẹ ra ìwé kan. Ẹ kọ orúkọ olówó ajá sí i, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti ti ẹbí rẹ̀ kan tó wà nítòsí. Ẹ kọ orúkọ ajá, àwọ̀ rẹ̀, àpá tó wà lára rẹ̀, ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́, àti dókítà tó ń wò ó. Ẹ kọ ẹni tó máa sanwó bó bá ṣàìsàn, ọjọ́ tí olówó rẹ̀ ń bọ̀, àti iye tí yóò san bó bá pẹ́. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ajá lójú olówó rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kí ọmọ rẹ̀ bá a kọ ọ́.

Ẹ gba ìdajì owó kó tó gbéra. Àwọn baba wa ní Ìjẹ̀ṣà ta aṣọ láwìn, wọ́n sì lóṣòó sílé oníbàárà títí owó fi jáde, ìyẹn la fi ń pè wọ́n ní Òṣómàáló. Ṣùgbọ́n aṣọ ò jẹun, ajá ń jẹun. Kò yẹ kí ẹ tún máa lóṣòó nítorí owó ẹni tẹ́ ẹ bá ṣọ́ nǹkan rẹ̀.

Bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ tètè sọ ọ́. Kí olówó ajá gbọ́ ọ lẹ́nu yín kó tó fojú rí i. Oníbàárà tó gbọ́ òótọ́ lè bínú lónìí kó tún padà wá lọ́la. Èyí tẹ́ ẹ bá parọ́ fún á kó gbogbo àdúgbò lọ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí a gba ohun olóhun tọ́ kó bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.