Ojú Ọmọ Tí A Ti Tọ́jú, Ẹ Má Ṣe Dẹ́kun Àtiwò Ó

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ọ̀rọ̀ mi lónìí kan ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti gba ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ ojú, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní retinoblastoma. Àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5 ni ó máa ń mú jùlọ. Ẹ ó rí i tí ọmọlójú ń tàn funfun, tàbí tí ojú kan ń wo ibòmíràn.

Nígbà tí dókítà bá ti fi oògùn, lésà tàbí iṣẹ́ abẹ tọ́jú rẹ̀, tí ọmọ tún ń ṣeré, ìyá a ní, "Alhamdulillahi, ó ti tán." Ọpẹ́ yẹ Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé, bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ìwọ̀nba kékeré tí ó bá ṣẹ́kù nínú ojú lè tún dàgbà. Bí wọ́n bá ti yọ ẹyinjú, ó lè hù nínú ihò ojú, tàbí kí ó gba iṣan tí ó so ojú mọ́ ọpọlọ lọ sókè. Nínú ọmọ 10 tí ó ní àrùn yìí, bí 4 ni ó jẹ́ àbímọ́ fún. Ti irú wọn lè yọ ní ojú kejì. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí wọ́n yẹ ojú àwọn àbúrò wò pẹ̀lú.

Láàárín ọdún 2 sí 3 àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú ni ó máa ń padà wá jùlọ. Ojú ìyá kò lè tètè rí i. Dókítà ni yóò fi oògùn mú ọmọ sùn, tí yóò sì fi ẹ̀rọ wo ìsàlẹ̀ ẹyinjú. Bí wọ́n bá bá a ní kékeré, wọ́n lè fi lésà pa á. Bí ó bá dàgbà, ojú lè lọ, ẹ̀mí sì lè bá a lọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ará Àgbóyì yóò wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Kétu kí ó tó wọ mọ́tò lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, ilé ìwòsàn ńlá tí ó ti wà tipẹ́. Owó ọkọ̀ ń bẹ níbẹ̀, ọjà tí a kò tà lọ́jọ́ náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe gbé ẹrù yìí lé ìyá ọmọ nìkan lórí. Bí owó kò bá sí, ẹ sọ fún wa ní mọ́sáláṣí. Irú ìgbà báyìí ni sàráà wà fún.

Bí ẹ bá rí funfun nínú ojú kejì, tàbí ihò ojú tí ó wú, tàbí ojú àtọwọ́dá tí kò wọlé dáadáa mọ́, tàbí orí fífọ́ pẹ̀lú èébì, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ lọ kíákíá.

Ẹ má sì ṣe wí pé hàǹtú tí ó wà lọ́rùn ọmọ ti tó. Àdúà kò ní kí á má lọ sí ilé ìwòsàn. Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, pa á láṣẹ pé kí á wá ìtọ́jú. Ẹ fi káàdì tí wọ́n kọ ọjọ́ sí há ibi tí gbogbo ilé yóò ti máa rí i, kí ọjọ́ náà má sì yẹ̀.