Lórí Mélòó? Bí Wọ́n Ṣe Ń Ka Máàkì Nínú Eré Jimnásíìkì

Ìbéèrè ọmọdé kan ló bí ọ̀rọ̀ tòní.

Ní Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, èmi àti Àdùkẹ́, ọmọ ọmọ mi obìnrin tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ìdíje Òlíḿpíìkì ń lọ ní Paris, ó sì kan àwọn obìnrin tó ń ṣe jimnásíìkì lórí ọ̀pá méjì, ìyẹn ọ̀pá tí ọ̀kan ga, tí ìkejì kò ga tó o. Kaylia Nemour, ọmọ ọdún 17 tó ń ṣojú fún Algeria, bọ́ sí i. Ó ń fò láti ọ̀pá dé ọ̀pá bí ẹni tí kò wúwo rárá. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, wọ́n gbé máàkì rẹ̀ jáde: 15.700. Wúrà nìyẹn, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì fún orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan nínú jimnásíìkì. Mo ti ń pàtẹ́wọ́. Àdùkẹ́ wojú mi, ó ní, "Bàbá àgbà, lórí mélòó?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè tí gbogbo òbí wa máa ń bi ọmọ tó bá mú ìwé ìdánwò wálé nìyẹn. Ọmọ ní òun gba 15. Bó bá jẹ́ lórí 20, a lè pa adìyẹ. Bó bá jẹ́ lórí 100, ọ̀rọ̀ pàṣán ló kù. Àmọ́ nígbà tí mo la ẹnu láti dá a lóhùn, mi ò rí nǹkan kan sọ. 15.700 yẹn kò sí lórí ohunkóhun. Kò lókè. Ó gbà mí ní ọjọ́ bíi mélòó kan kí n tó rí bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, òǹkà Yorùbá ló sì gbà mí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí eré náà jẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn baba wa mọ òkìtì. Ẹni tó bá ti wo eégún alárìnjó rí á rántí àwọn ọmọ tí ń ta òkìtì nínú agbo bí ìlù bá ti gbóná. Jimnásíìkì tí à ń wí yìí jẹ́ mọ̀lẹ́bí òkìtì yẹn, àmọ́ ó ní irinṣẹ́ àti òfin tirẹ̀. Irinṣẹ́ mẹ́rin ni ti àwọn obìnrin: tábìlì tí wọ́n ń sáré fò kọjá, ọ̀pá méjì tí kò dọ́gba, igi tóóró tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, àti orí ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ nǹkan sí. Mẹ́fà ni ti àwọn ọkùnrin. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ yín. Bí igi yẹn ṣe fẹ̀ mọ kò ju ìyẹn lọ púpọ̀, ibẹ̀ sì ni ọmọbìnrin kan á ti ta òkìtì sẹ́yìn, tí á tún fẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀.

Nínú eré yìí, kò sí ẹni tó ń sáré lé ẹnì kejì, kò sí góòlù tá a lè fojú rí pé ó wọlé. Adájọ́ ló ń wò, adájọ́ ló ń fúnni ní máàkì. Ìdí nìyẹn tí ìjà inú rẹ̀ fi sábà máa ń dá lórí nọ́ńbà.

Láyé àtijọ́, máàkì wà lórí nǹkan kan: orí 10 ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 1976, tó jẹ́ ọdún Òlíḿpíìkì, wọ́n ṣe ìdíje kan tí wọ́n pè ní American Cup fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Madison Square Garden ní New York. Nadia Comaneci, ọmọ ọdún 14 láti Romania, ló gba ipò kìíní ti obìnrin. Bart Conner, ọmọ Amẹ́ríkà, ló gba ti ọkùnrin. (Ẹ má rẹ́rìn-ín o: ogún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì di tọkọtaya.) Nadia gba 10 pé ní ìdíje yẹn. Nítorí náà, kí Òlíḿpíìkì tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹni tó bá ń fojú sílẹ̀ ti mọ̀ pé ọmọ yìí lè gbà á.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ó di Montreal ní Kánádà. Àwa ò sí níbẹ̀. Ẹgbẹ́ rọ́gìbì New Zealand ti lọ bá South Africa ṣeré nígbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó lé ní ogún sì kọ̀ láti kópa nítorí rẹ̀, Nàìjíríà wà lára wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje, Nadia gun ọ̀pá méjì, ó ṣe tirẹ̀ tán, ó sọ̀kalẹ̀. Pátákó máàkì tan iná: 1.00.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Òǹkà mẹ́ta péré ni pátákó náà lè gbé jáde, ọ̀kan ṣáájú àmì, méjì lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti gbà pé 10 kò lè ṣẹlẹ̀, nítorí náà 9.99 ni òpin ohun tí pátákó mọ̀ ọ́n sọ. Àwọn èrò kọ́kọ́ dàrú, àfi ìgbà tó yé wọn tí gbogbo ilé hó.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì ìmọ̀ ìtumọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ rántí ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́: àmì kì í dá sọ̀rọ̀, ohun tí ojú àwọn èèyàn ti rí ló ń bá a parí ọ̀rọ̀. 1.00 ni pátákó kọ, 10 ni gbogbo ilé kà. Pátákó kò ní ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, ìyẹn kò sì ní kí àwọn èèyàn má mọ ohun tí wọ́n rí. Bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún nǹkan báyìí-báyìí, pátákó Montreal ni mo máa ń rántí. Ẹ tún pátákó ṣe, ẹ má dá eléré lẹ́bi. Ìgbà méje ni Nadia gba 10 ní Montreal. Nellie Kim, ọmọ Soviet, gbà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá wo bí wọ́n ṣe ń dé orí máàkì. Lábẹ́ òfin àtijọ́, bí ètò eléré bá pé gbogbo ohun tí ìwé òfin bèèrè, orí 10 ni adájọ́ ti máa bẹ̀rẹ̀, á wá máa yọ ọ́. Ẹsẹ̀ tẹ̀, ó yọ díẹ̀. Orúnkún ká, ó yọ díẹ̀. Ẹni tó gba 9.8 kò kó 9.8 jọ, 0.2 ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a ṣe ń ka 17 nìyẹn. Ẹ̀tàdínlógún: ẹ̀ta ló dín kó tó pé ogún. Àwọn adájọ́ yẹn ń fi "dín" kàwé bíi tiwa láìmọ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí gbogbo èèyàn bá ń bẹ̀rẹ̀ láti 10, ẹni tó gbé ohun tó le koko wá àti ẹni tó gbé ohun tó kàn tó òfin wá lè jọ dúró lójú kan náà, kí ẹni tó gbé èyí tó le wá sì pàdánù torí pé ohun tó le ló rọrùn láti ṣìṣe nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá bú jáde ní Athens lọ́dún 2004. Àwọn adájọ́ ní ètò Yang Tae-young, ọmọ South Korea, lórí ọ̀pá méjì tó dọ́gba bẹ̀rẹ̀ láti 9.9, nígbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láti 10. 0.1 péré. Àmọ́ 0.049 ni Paul Hamm, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba wúrà, fi jù ú lọ nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yẹn. Yang gba idẹ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́ eré ìdárayá, wọ́n ní ẹ̀sùn ti pẹ́ jù kí wọ́n tó mú un wá.

Lọ́dún 2006, wọ́n pa 10 àtijọ́ rẹ́, wọ́n sì pín iṣẹ́ adájọ́ sí méjì. Àwọn kìíní ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Wọ́n ń ka bí ohun tí eléré ṣe ṣe le tó, wọ́n sì ń fi kún un: èyí tó rọrùn jù gba 0.1, èyí tó tẹ̀ lé e 0.2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Máàkì tiwọn kò ní òpin. Àwọn kejì ń bẹ̀rẹ̀ láti 10, wọ́n ń wo bó ṣe mọ́ tó, wọ́n sì ń yọ: 0.1 fún àṣìṣe kékeré, 0.3 fún èyí tó tóbi díẹ̀, 0.5 fún ńlá, odidi 1 fún ẹni tó ṣubú. Wọ́n á wá ro méjèèjì pọ̀.

Ẹ ò rí i pé òǹkà wa pé síbẹ̀? Láti 21 dé 24, a ń fi kún ogún: ọ̀kànlélógún, èjìlélógún. Bí a bá ti dé 25, a yíjú sí ọgbọ̀n, a bẹ̀rẹ̀ sí í wo iye tó kù: ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ̀rìndínlọ́gbọ̀n. "Lé" ń wo ibi tá a ti kúrò. "Dín" ń wo ibi tá a ò tíì dé. Bí mo ṣe ṣàlàyé fún Àdùkẹ́ nìyẹn. Mo ní Nemour kó 7.2 jọ lórí ohun tó le tó gbé wá, ìyẹn lé. Mo ní nínú 10 ti ìmọ́tótó, 1.5 dín, ó ku 8.5. Ro ó pọ̀. Ó fi ọwọ́ kà á, ó ní, "15.7!" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní, "Ṣé ẹnìkan lè gba 20 nígbà náà?" Mo ní a ò tíì rí i, àmọ́ pátákó tòní kò ní sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀.

Òfin tuntun náà kò pa ẹkún rẹ́ o. Lọ́jọ́ kejì tí Nemour gba wúrà, àwọn obìnrin ṣe ti orí ilẹ̀. Rebeca Andrade láti Brazil gba wúrà, Simone Biles gba fàdákà. Ó ku idẹ. Ana Barbosu, ọmọ Romania, ní 13.700, ó ti gbé àsíá, ó ń yọ̀. Jordan Chiles, ọmọ Amẹ́ríkà, ní 13.666. Olùkọ́ Chiles ní kí wọ́n tún "lé" ọmọ òun wò, pé fífò kan wà tí wọn ò kà tán. Àwọn adájọ́ gbà, wọ́n fi 0.1 kún un, ó di 13.766. Àsíá bọ́ lọ́wọ́ Barbosu, ó bú sẹ́kún. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ilé-ẹjọ́ ní ìṣẹ́jú kan ni òfin fi sílẹ̀ fún olùkọ́ láti bèèrè, pé ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ni wọ́n lò. 13.666 padà, idẹ bọ́ sọ́wọ́ Barbosu, Chiles sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé-ẹjọ́ Switzerland. Ẹ kíyè sí i: ilé-ẹjọ́ kò sọ pé ọmọ náà kò fo fífò yẹn. Pé ó pẹ́ ni wọ́n wí. Ọmọ méjì ló sunkún lórí nọ́ńbà kan ṣoṣo, kò sì sí èyí tó ṣe ibi nínú wọn.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Lẹ́yìn tí Àdùkẹ́ sùn, oorun ò kùn mí.

Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí ohùn inú ẹ̀ka-èdè ìlú rẹ̀, èyí tí n kò tíì rí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí abúlé márùn-ún. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kan mú àkòrí tó rọrùn, kò ṣàṣìṣe, mo fún un ní 72. Nígbà tó kan tẹni tó lọ sí abúlé, mo mú bírò pupa, mo ń yọ: àmì ohùn níbí, àlàyé tí kò délẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo yọ tán, ó ku 69. Ẹ̀yin tí ẹ mọ yunifásítì wa mọ̀ pé 70 ni A. Ẹ pe 69 ní Yorùbá: ọ̀kàndínláàádọ́rin. Ọ̀kan ló dín, orúkọ máàkì náà gan-an ló ń wí i.

Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni mo ṣe tí kò dáa?" Mo kà á fún un léni-eji. Kò bi mí léèrè ohun tó ṣe tó dáa, èmi náà ò sì sọ. Ó dúpẹ́, ó jáde. Nígbà tí ọkàn mi máa fi yí padà, èsì ìdánwò ti jáde, ó ti pẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, odidi ọdún mẹ́wàá ni mo fi àpẹẹrẹ inú iṣẹ́ yẹn kọ́ àwọn tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ti di olùkọ́, ẹ ní apá méjì lórí ìwé ọmọ. Ẹ má fi ti "dín" nìkan kà á. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bí ohun tó gbé wá ṣe wúwo tó, kí ẹ tó ka ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀.

Ìwọ tí mo ń wí, bó bá ṣe pé ò ń ka èyí, wà á ti mọra rẹ. Mi ò lè yí 69 yẹn padà mọ́, àmọ́ ohun tí o kò bèèrè lọ́jọ́ náà, mo ní ìdáhùn rẹ̀. Abúlé márùn-ún. Ẹ̀ka-èdè tí n kò rí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú rẹ. Iṣẹ́ rẹ ló ṣì wà lórí tábìlì mi báyìí. Ó lé.