Oore, Ojúṣe àti Gbà-má-bínú: Àgbéyẹ̀wò Èdè Ìtọrẹ Àwọn Òṣèlú ní Kàdúná

1.0 Ìfáárà

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 2023, ọkọ̀ òfuurufú aláìláwakọ̀ tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà ju àdó olóró sí àárín àwọn ará abúlé Tudun Biri, níbi tí wọ́n ti péjọ fún ayẹyẹ Móólúdì. Ìjọba ìbílẹ̀ Igabi ni abúlé náà wà, kò sì jìnnà sí ìlú Kàdúná. Àjọ NEMA fi léde pé òkú tí wọ́n ti sin jẹ́ 85. Ilé ìwòsàn Barau Dikko tí ó wà nínú ìlú ni wọ́n sì gbé àwọn tí ó fara pa lọ. Àwọn ológun gbà pé àṣìṣe ni.

Kò pẹ́ tí àwọn òṣèlú fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sí Kàdúná. Igbákejì Ààrẹ, Kashim Shettima, lọ síbẹ̀. Peter Obi tí í ṣe ti ẹgbẹ́ alátakò náà lọ. Àwọn aṣòfin àgbà, tí wọ́n jẹ́ 109, fi mílíọ̀nù 109 náírà sílẹ̀. Àwọn aṣojú-ṣòfin fi mílíọ̀nù 350 náírà sílẹ̀. Wọ́n ní láti inú owó oṣù àwọn ni. Ìjọba àpapọ̀ sì ṣèlérí láti tún abúlé náà kọ́ lábẹ́ ètò tí wọ́n pè ní Pulaku. Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: orúkọ wo ni ó yẹ kí èdè Yorùbá pe irú owó àti irú ilé bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè náà kan àwọn Yorùbá tí ń gbé ní Kàdúná, ó sì kan gbogbo ẹni tí ń fi Yorùbá ka ìròyìn tàbí túmọ̀ rẹ̀.

2.0 Àwọn Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá Ní fún Fífúnni

Bí ènìyàn bá tẹ́tí sí ìròyìn lórí rédíò, ‘fi tọrẹ’ ni yóò gbọ́ fún gbogbo owó tí òṣèlú bá mú jáde. Bẹ́ẹ̀, èdè náà kò tálákà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí:

(1) (a) ìtọrẹ (b) sàárà (d) ọ̀wẹ̀ (e) àbẹ̀tẹ́lẹ̀ (ẹ) gbà-má-bínú

Láti ara ‘ta’ àti ‘ọrẹ’ ni (1a) ti wá. Afúnni kò jẹ gbèsè kankan. Ó wù ú ni ó fi ṣe é. Èdè Lárúbáwá ni orírun (1b), ọmọ ìyá ni òun àti ‘sadaka’ tí àwọn Háúsá ń pè. Ọlọ́run ni ẹni tí ń ṣe sàárà ń wojú rẹ̀, kì í ṣe ènìyàn. Iṣẹ́ ni (1d) dúró fún, kì í ṣe owó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń bọ̀ ní 3.0.

Ìhun (1e) àti (1ẹ) ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ wò. Nínú ‘àbẹ̀tẹ́lẹ̀’, ẹ̀bẹ̀ wà, ‘tẹ́lẹ̀’ sì wà: ẹ̀bẹ̀ tí ó ṣáájú ohun tí afúnni ń wá. Ọjọ́ iwájú ni ojú rẹ̀ ń wò. ‘Gbà-má-bínú’ jẹ́ odidi gbólóhùn àṣẹ méjì tí wọ́n sọ di ọ̀rọ̀ orúkọ: gbà, má bínú. Ẹ̀yìn ni òun ń wò, nítorí ìpalára ti ṣẹlẹ̀ kí ó tó dé. Ó tún ní ohun tí ìtọrẹ kò ní: ó gbà pé ẹni tí à ń fún ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ẹni tí a bá sì bẹ̀ pé kí ó gbà lè kọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò pè é ní abaramóorejẹ.

3.0 Ọ̀wẹ̀ Ilé Kíkọ́

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ilé tàbí kí ó bo òrùlé a máa bẹ ọ̀wẹ̀. Ará àdúgbò, ẹbí àti ọ̀rẹ́ yóò jáde. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ yóò pèsè oúnjẹ àti ohun mímu. Àna náà a máa kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ fún bàbá ìyàwó rẹ̀. Àwọn Háúsá ní irú rẹ̀, ‘gayya’ ni wọ́n ń pè é. Onílé kì í jókòó tẹtẹrẹ kí wọ́n máa kọ́lé fún un; òun gan-an wà nínú iṣẹ́ náà, yóò sì jáde lọ́jọ́ tí ó bá kan ẹlòmíràn.

Ohun tí ó jọ èyí jù lọ láàárín àwọn òṣèlú òde òní ni iṣẹ́ Jimmy Carter, ẹni tí ó ṣe Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti 1977 sí 1981. Láti ọdún 1984 ni òun àti aya rẹ̀, Rosalynn, ti ń bá ẹgbẹ́ Habitat for Humanity, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, kọ́lé. Carter fi ọwọ́ ara rẹ̀ di òòlù mú. Ẹni tí ó ni ilé náà ń bá wọn ṣiṣẹ́, ó sì ń san owó ilé náà díẹ̀díẹ̀ láìsí èrè lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ‘ọ̀wẹ̀’ fi bá a mu ju ‘ìtọrẹ’ lọ. Carter kò tún du ipò kankan kí ó tó kú ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ní ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè pe iṣẹ́ náà ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

4.0 Ojú tí Ẹgbẹ́ Òṣèlú Fi Ń Wo Oore

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ilé kò bọ́ lọ́wọ́ òṣèlú rí. Ní Ìjọba Alágbádá Kejì (1979–1983), ilé wà nínú àmì ẹgbẹ́ NPN, ìjọba Shehu Shagari sì ń kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri ìpínlẹ̀. Ní Èkó, Lateef Jakande ti ẹgbẹ́ UPN ń kọ́ tirẹ̀. Ilé ni ti apá méjèèjì, ṣùgbọ́n orúkọ tí ẹnìkan yóò pè é dúró lórí ẹgbẹ́ tí ó wà. Ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú pàápàá fi hàn pé wọ́n mọ ìyàtọ̀: ‘òṣèlú àmàlà’ ni wọ́n fi ń ṣàpèjúwe ìṣe Lamidi Adedibu ní Ìbàdàn, nígbà tí ó yá, ‘dìbò kóo sebẹ̀’ gbòde.

Ní Kàdúná, ẹjọ́ ìbò gómìnà ọdún 2023 láàárín Uba Sani ti APC àti Isa Ashiru ti PDP ṣì wà nílé ẹjọ́ nígbà tí àdó olóró bọ́. Oṣù Kìn-ín-ní 2024 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó parí rẹ̀. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ó rọrùn kí ọmọ ẹgbẹ́ kan pe owó kan náà ní àánú, kí alátakò sì pè é ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Àríyànjiyàn yìí kò ran ọlọ́fọ̀ lọ́wọ́. Ìwà afúnni nìkan ni apá méjèèjì ń wò. Wọn kò béèrè ohun tí ó tọ́ sí ẹni tí à ń fún.

Ìhun ọ̀rọ̀ tí ó wà ní 2.0 lè là á. Àwọn aṣòfin kọ́ ni wọ́n ju àdó olóró; bí ó bá jẹ́ owó oṣù wọn ni wọ́n mú jáde lóòótọ́, ‘ìtọrẹ’ tọ́ sí i, yálà APC ni wọ́n tàbí PDP tàbí Labour. Ṣùgbọ́n ìjọba ni ó ni àwọn ọmọ ogun. Ilé tí ìjọba bá kọ́ sí Tudun Biri kò lè jẹ́ ọrẹ, gbà-má-bínú ni. Bí kò tilẹ̀ sí àdó olóró rárá, abala 16(2)(d) nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní kí ìjọba rí i pé ibùgbé tí ó yẹ wà fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè. Òótọ́ ni pé abala 6(6)(c) nínú ìwé òfin kan náà kò jẹ́ kí ènìyàn lè torí èyí pe ìjọba lẹ́jọ́. Síbẹ̀ ‘ojúṣe’ ni orúkọ rẹ̀, ilé ẹjọ́ ì báà gbọ́ ọ tàbí kó má gbọ́ ọ.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá ṣe oore tán, tí a lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Òwe yìí bá òṣèlú tí ń gbé ayàwòrán tẹ̀lé ara rẹ̀ wí. Ṣùgbọ́n oore nìkan ni òwe náà ń sọ. Ẹni tí ó san gbèsè kò ṣe oore, kò sì sí ohun tí yóò lóṣòó tì.

Iṣẹ́ yìí dábàá pé kí olùkọ́ tí ń kọ́ni ní ìtumọ̀ èdè má jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa lo ‘fi tọrẹ’ fún ohun gbogbo. Kí ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó fúnni, inú àpò ta ni owó náà ti wá, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí à ń fún kí ẹ̀bùn tó dé. Bí akéde bá sọ fún ìyá tí ó pàdánù ọmọ ní Tudun Biri pé wọ́n fi ilé ta á lọ́rẹ, ó ti di dandan fún ìyá náà láti dúpẹ́. Bí ó bá pè é ní gbà-má-bínú, ìjọba ni yóò máa bẹ̀ ẹ́.