Ìdí Tí 10 Fi Ṣáájú 9

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ka-èdè mọ̀ pé ohùn tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà kì í ṣe ohun tí a lè tún lọ gbà bó bá sọnù. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti jáde fi kọ script kékeré kan sórí kọ̀ǹpútà tí a jọ ń lò. Lálaalẹ́, yóò di gbogbo ohùn náà sínú fáìlì kan, yóò fún un ní nọ́ńbà (eda-1.tar, eda-2.tar), yóò fi méje tó kẹ́yìn sílẹ̀, yóò sì pa ìyókù rẹ́.

Láti alẹ́ kẹwàá, a kò rí ẹ̀dà tuntun mọ́. Eda-3 sí eda-9 nìkan ló wà níbẹ̀, script kò sì ráhùn rárá. Ìlà yìí ni mo fura sí:

ls eda-*.tar | sort -n | head -n -7 | xargs -r rm

Lójú lásán, kò lábùkù. -n ní kí sort ka nọ́ńbà bí iye. Mo wá fi --debug kún un, èyí tó máa ń fa ìlà sábẹ́ ibi tí sort ń wò gan-an. Lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọ́ pé: no match for key.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ni -n ti ń kà. Lẹ́tà «e» ló bá níbẹ̀, kò rí nọ́ńbà, ó sì ka gbogbo orúkọ sí òdo. Nígbà tí gbogbo wọn dọ́gba, sort padà sí títò ní lẹ́tà-dé-lẹ́tà. 1 ṣáájú 3, nítorí náà eda-10 bọ́ síwájú eda-3. Script kà á sí èyí tó pẹ́ jù, ó sì pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. (Àdéhùn ni ètò lẹ́tà fúnra rẹ̀ náà: nínú ìwé atúmọ̀ èdè wa, gùn ṣáájú gbà. Sort kò mọ̀yẹn.)

Ẹ̀yin onígírámà, ẹ̀yán wà, kò kàn rí ọ̀rọ̀-orúkọ tí yóò yán ni. Bí a ṣe tún un ṣe rèé:

sort -t- -k2,2n

-t- ń fi dáàṣì gé orúkọ sí abala. -k2,2n ní kí ó ka abala kejì nìkan, bíi nọ́ńbà.

Kí n tó dá rm padà, mo fi echo rm rọ́pò rẹ̀, kó kàn máa kọ orúkọ ohun tí ì bá pa. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, eda-3 ló kọ. Ní alẹ́ kejì, eda-3 àti eda-4.