Férémù Apààrọ̀-Àwòrán fún Àwọn Àgbà: Orúkọ Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Lè Yàn Án

1. Ìfáárà

Ara ògiri pálọ̀ ni àwòrán àwọn òbí, ti ìgbéyàwó àti ti ọmọ tó gboyè máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá. Ìwádìí tí Stephen Sprague tẹ̀ jáde ní 1978 fi hàn pé àwọn Yorùbá ti sọ fọ́tò di tiwọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń lò ó láti rántí ìbejì tó kú. Àbúrò férémù ara ògiri yìí ni èyí tí ó ń lo iná, tí àwòrán inú rẹ̀ sì ń yí padà. Ọmọ tó wà ní London tàbí ní Houston lè fi àwòrán ọmọ-ọmọ ránṣẹ́ sí i, kí ìyá rẹ̀ ní Pápá Àjàó sì rí i láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìbéèrè méjì ni ó jẹ yọ: orúkọ wo ni ó yẹ ẹ̀rọ náà, irú èwo ni ó sì rọrùn fún àgbà? Ìbéèrè méjèèjì so kọ́ra. Àgbà tí kò ní orúkọ fún ohun tó wà níwájú rẹ̀ kò lè ṣàlàyé lórí tẹlifóònù ohun tí ó ṣe é. Ẹ̀rọ náà yóò sì di ẹrù lórí tábìlì.

2. Orúkọ ẹ̀rọ náà

Orúkọ mẹ́ta ni ó ṣeé dábàá. Èkíní ni férémù díjítà, tí ó jẹ́ àyálò. Kò ṣi ènìyàn lọ́nà, ṣùgbọ́n kò ṣàlàyé ohunkóhun fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì ni férémù onínọ́ńbà. Òótọ́ ni pé nọ́ńbà ni ẹ̀rọ náà fi ń pa àwòrán mọ́, ṣùgbọ́n àgbà tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí yóò máa wá nọ́ńbà tí yóò tẹ̀. Ẹ̀kẹta ni férémù apààrọ̀-àwòrán, tí a ṣẹ̀dá nípa fífi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- mọ́ àpólà ìṣe, bí ó ti rí nínú apẹja àti akọrin. Ohun tí ojú ń rí gan-an ni ó sọ. Òun ni ó yẹ kí ó borí.

Kò sí ìdí láti lé férémù jáde nínú orúkọ náà. Ní ọjà Ládípọ̀ ní Pápá Àjàó, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, púlọ́ọ̀gì, búréèkì àti bátìrì ti di Yorùbá lẹ́nu mẹkáníìkì. Àyálò tí ó ti fìdí múlẹ̀ kò nílò arọ́pò. Ohun tí ó ṣì ṣókùnkùn ni ó nílò àlàyé.

3. Òṣùwọ̀n ìrọ̀rùn

Ohun tí ó rọrùn fún ọmọ tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ lè má rọrùn fún ìyá tó ń wò ó. Òṣùwọ̀n tí ó péye ni iye nǹkan tí àgbà gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kí àwòrán tó hàn. Férémù tí ó dára jù ni èyí tí iye náà jẹ́ òdo.

(i) Iná. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí kò ní bátìrì. Kí olùrà yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ó sì tún un kì bọ̀ ọ́. Bí àwòrán bá padà hàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan, ó yege. Bí ó bá ń béèrè ọjọ́ àti àkókò, kò yege fún ilé tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀.

(ii) Ọ̀nà tí àwòrán ń gbà wọlé. Èyí tí ó ń lo káàdì kò nílò ayélujára, ṣùgbọ́n ẹnìkan nílé ni yóò máa pààrọ̀ káàdì. Èyí tí ó ń lo ayélujára gbé iṣẹ́ náà lé olùfiránṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba ju igbi gígáháàsì 2.4 lọ, ráútà tí ó ń lo 5 nìkan kò ní bá wọn mu. Dátà náà ní iye: àwòrán 100 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹgabáìtì 3 yóò gba 300, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ dín wọn kù.

(iii) Irú fáìlì. Láti 2017 ni iPhone ti ń lo HEIC. Àwọn férémù kan kò lè ka ju JPEG lọ.

(iv) Ìwọ̀n. Ojú férémù íǹṣì 10, láti igun dé igun, tó sẹ̀ǹtímítà 25. Kí wọ́n dán an wò láti orí àga tí àgbà máa ń jókòó sí.

4. Ọ̀rọ̀-ìperí tí àgbà lè lò

Àká àwòrán: ibi tí ẹ̀rọ ń kó àwòrán pamọ́ sí. Ó sàn ju ìrántí lọ. Bí ọmọ bá sọ fún bàbá rẹ̀ pé ìrántí ti kún, ó lè dà bí èébú. Àká tí ó kún kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀wọ́ àwòrán: àwòrán tí ó ń hàn ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé.

Afura: ẹ̀yà tí ó ń mọ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú tàbí bí yàrá bá ṣófo, tí ó sì ń pa ojú férémù.

Férémù sùn: afura ni ó pa á, yóò jí fúnra rẹ̀.

Iná lọ: ojú férémù ṣú nítorí pé iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìsokọ́ra já: àwòrán àtijọ́ ṣì ń hàn, ṣùgbọ́n tuntun kò wọlé.

Mẹ́ta ìkẹyìn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí ìyá bá lè sọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ nínú wọn, ọmọ tí ó wà lókè òkun yóò mọ̀ bóyá kí ó ní sùúrù, kí ó pe oníṣẹ́ iná, tàbí kí ó ra dátà.

5. Àgbálọgbábọ̀

Kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe férémù ni àwòrán ń gbà kọjá. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá kógbá sílé, àwòrán tuntun lè má wọlé mọ́. Nítorí náà, kí fọ́tò orí bébà má ṣe kúrò lára ògiri.

Iṣẹ́ ìdánrawò ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀-ìperí sin àgbà tí kò jókòó ní kíláàsì pẹ̀lú. Olùkọ́ àti ògbufọ̀ tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ tuntun dára, kí ó gbé e tọ àgbà lọ, kí ó sì gbọ́ bóyá yóò lò ó láìjẹ́ pé wọ́n tún un ṣàlàyé.