Bí A Ṣe Ń Jó Páànù Ọkọ̀ Láì Jẹ́ Kó Wọ́

Bí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ọkọ̀ bá dógùn-ún títí tó fi lu, ẹ ó gé ibi tó bàjẹ́ dànù, ẹ ó sì jó páànù tuntun mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jó o láti ìkángun kan dé èkejì láìsinmi, ilẹ̀kùn tó tẹ́ pẹrẹsẹ á di gbágungbàgun.

Kí ló fà á? Páànù ara ọkọ̀ kò nípọn. Ọ̀pọ̀ wọn kò ju nǹkan bíi mílímítà 0.8 lọ. Bí iná bá ti mú ojú kan, ojú náà á fẹ́ fẹ̀, ṣùgbọ́n irin tútù tó yí i ká kò ní gbà fún un. Á rọ̀, á sì ki. Nígbà tó bá tutù, á súnkì ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, á sì fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ra. (Súnkì tí à ń lò fún aṣọ náà ni.) Páànù tó tẹ̀ kọrọdọ máa ń lágbára díẹ̀ láti dúró, èyí tó tẹ́ kò ní.

Nítorí náà, ẹ ṣe bíi aránṣọ tó kọ́kọ́ fi píìnì mú aṣọ. Ẹ jó o ní ẹ̀ẹ̀kan níhìn-ín, ẹ̀ẹ̀kan lọ́hùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan láàárín. Ẹ dúró títí ọwọ́ yóò fi gbà á, kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Ìdúró yìí ló nira jù, pàápàá bí oníbàárà bá dúró tì yín! Lẹ́yìn náà, ẹ fi irin wúwo ti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ fi òòlù rọra lu ojú ibi tí ẹ jó, kó lè nà padà. Àwọn kan á ní pọ́tì á bò ó. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n pọ́tì tó nípọn máa ń sán. Bí ẹ bá sì ń fi ẹ̀rọ lọ ojú rẹ̀, ẹ máa gbé e kúrò lóòrèkóòrè, nítorí òun náà ń dá ooru sílẹ̀.